Ọjọ́ tí Bàbá Mi Bọ́ Bàtà sí Ẹnu Ọ̀nà Pọ́ọ̀bù

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ní Peckham kí n tó wọ pọ́ọ̀bù, ilé ọtí àwọn Òyìnbó, fún ìgbà àkọ́kọ́. Kì í ṣe pé wọn kò sí ládùúgbò. Èyí tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ilé àtijọ́ kan ni, ó wà ní kọ̀rọ̀ ibi tí títì méjì ti pàdé. Táìlì aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi bo ara rẹ̀ nísàlẹ̀, gíláàsì fèrèsé rẹ̀ sì ṣú débi pé ẹni tó ń kọjá kò lè rí inú. Lọ́jọ́ mìíràn, ooru a máa rú jáde lẹ́yìnkùlé rẹ̀, òórùn kan a sì gba gbogbo àdúgbò, bí ìgbà tí èèyàn gbé ògì kaná tó sì lọ sùn. Ọdún mélòó kan ni mo fi rò pé bísikíìtì ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Aládùúgbò mi kan ló sọ fún mi pé ọtí ni, pé àwọn tó ni pọ́ọ̀bù náà ń fúnra wọn pọn bíà ìbílẹ̀ tiwọn, bí wọ́n ṣe ń pọn ọ́n láyé àwọn baba ńlá wọn, wọn kì í ra ti ilé iṣẹ́ ńlá. Látọjọ́ náà ni mo ti ń sọdá sí òdìkejì títì kí n tó débẹ̀. Obìnrin Mùsùlùmí ni mí, ìborùn mi kì í kúrò lórí mi, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni láti mọ́ṣáláṣí rí mi lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí kó lọ máa rò ó kiri.

Bàbá mi ló mú mi wọbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ìyá mi kú ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń gbé ní Forest Hill, jọ sọ ọ́ pé Bàbá kò lè dá wà ní Ìbàdàn mọ́. Télọ̀ ni wọ́n. Wọ́n ti rán kóòtù fún lọ́yà, wọ́n ti rán ẹ̀wù fún ọba, gbogbo èèyàn tó bá sì mọ̀ wọ́n, Alhaji ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá ń gbé. Ìgbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé dùn púpọ̀. Bàbá a máa dá lọ sí Rye Lane, wọ́n á ná ẹja títí ẹlẹ́ja á fi bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé láìṣìnà. Àfi bí iyè wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ lọ. Lẹ́yìn náà ni orúkọ wa ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi tí wọ́n bí, wọ́n á wò mí lójú, wọ́n á ní, "Ẹ ṣeun o, ìyàwó, Ọlọ́run á bá yín tọ́jú àwọn ọmọ." Èmi náà á dáhùn pé àmín. Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ìrun kíkí nìkan ni kò kúrò lórí wọn. Bí àkókò bá ti tó, ara wọn á ti mọ̀, wọ́n á dìde.

Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nínú kíṣìnnì, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi là ń se oúnjẹ ọ̀sán àwọn ọmọ. Ẹni tí kánsù ń rán wá máa ń tọ́jú Bàbá láàárọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ọ̀kan nínú àwọn ará mọ́ṣáláṣí a máa wá mú wọn lọ kírun. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan báyìí, láàárín ìgbà tí ẹni àkọ́kọ́ lọ àti ìgbà tí ẹni kejì fi dé, Bàbá wọ jalabíà funfun wọn, wọ́n dé fìlà wọn, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n jáde.

Mo ń bu ewébẹ̀ fún àwọn ọmọ lọ́wọ́ nígbà tí fóònù mi dún.

"Aunty, mo ti ń kanlẹ̀kùn tipẹ́," ni arákùnrin mọ́ṣáláṣí náà wí. "Mo tì í, ó ṣí. Mo ti wo inú ilé yíká. Bàbá ò sí níbẹ̀."

Mi ò rántí bí mo ṣe bọ́ épúróònù. Òjò ń rọ̀, òjò ìlú Òyìnbó yìí tí kì í dún, tó kàn máa ń wọ ara lọ. Mo pe fóònù Bàbá, ó ń dún, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Mo sáré dé Rye Lane. Mo ń bèèrè lọ́wọ́ ẹlẹ́ran, mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta iṣu, mo ń bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó dúró lábẹ́ bíríìjì ọkọ̀ ojú irin. Mo dé mọ́ṣáláṣí, wọ́n ti kírun tán, wọ́n ń jáde bọ̀. Mo ń wo ojú àwọn bàbá onífìlà funfun lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí bàbá tèmi nínú wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n pe ọlọ́pàá, mo pè wọ́n. Wọ́n bi mí pé aṣọ wo ló wọ̀. Bí mo ṣe ń sọ pé funfun ni, mo rí i lọ́kàn mi bí aṣọ tó fẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí nínú òjò.

Mo dúró sẹ́bàá títì, mo tún pe fóònù Bàbá. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé e. Ohùn obìnrin Òyìnbó ni mo gbọ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o," ó ní. "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni bàbá kan tó wọ aṣọ funfun?"

"Èmi ni! Níbo ni wọ́n wà?"

"Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n wà. Wọn ò ṣèṣe rárá. Inú aṣọ wọn lọ́hùn-ún ni fóònù wà, a kàn ń gbọ́ ọ ni, a ò tètè mọ ibi tó ti ń dún. Wọ́n ti mu tíì. Ẹ rọra máa bọ̀, ẹ má sáré nínú òjò."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ibẹ̀ fún mi. Pọ́ọ̀bù alátáìlì ewé.

Bí mo ṣe ṣílẹ̀kùn, nǹkan tí mo kọ́kọ́ rí ni bàtà Bàbá. Wọ́n gbé e sórí ìwé ìròyìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó ń mú ilé gbóná. Wọ́n ti ká ìwé ìròyìn mìíràn, wọ́n ti kì í bọ inú rẹ̀ kó lè fa omi. Wọ́n to méjèèjì bí ìgbà tí ìyá to àwọn ọmọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Mi ò tíì rí Bàbá rárá, ẹkún gbọ̀n mí.

Ìgbà tí mo rí bàtà yẹn náà ló yé mi. Ilé tí mọ́ṣáláṣí wa wà, pọ́ọ̀bù ni tẹ́lẹ̀ rí kí wọ́n tó rà á. Kọ̀rọ̀ títì ni òun náà wà, táìlì wà lára òun náà, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì rí bí èyí gẹ́lẹ́. Bàbá kò ṣáko. Mọ́ṣáláṣí ni wọ́n ń lọ, wọ́n rí mọ́ṣáláṣí, wọ́n bọ́ bàtà.

Inú ibẹ̀ kò rí bí mo ṣe rò ó. Mo ti rò pé ariwo á wà, pé àwọn ọ̀mùtí á máa bú ara wọn. Ó pa rọ́rọ́. Pákó dúdú ni gbogbo ara ògiri, kápẹ́ẹ̀tì ti gbó, ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún ló jókòó káàkiri. Lórí pákó gígùn tí wọ́n ti ń ta ọtí ni àwọn ọwọ́ páńpù gíga kan ti tò, àwọn ni wọ́n fi ń fa bíà sókè láti inú àgbá tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Bàbá àgbà kan, ará Jàmáíkà, fi dómínò tí wọ́n ń ta sílẹ̀, wọ́n dìde pàdé mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," wọ́n ní. "Bàbá yín wọlé, wọ́n kí gbogbo wa ní sàláámù. Àwa náà dáhùn bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n wá ń wá omi tí wọ́n á fi ṣe àlùwàlá. Èmi wa bọ́ọ̀sì ní àdúgbò yìí títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo fẹ́ mú wọn débẹ̀. Àfi bí òórùn kan ṣe ti ẹ̀yìn wá, wọ́n gbé imú sókè báyìí, wọ́n sì tẹ̀ lé e lọ. Kò sí ẹni tó lè dá wọn dúró."

Wọ́n mú mi gba ọ̀nà tóóró kan dé ẹ̀yìnkùlé. Ilé ẹṣin ni wọ́n ní ibẹ̀ jẹ́ látijọ́. Ní báyìí, ìkòkò irin ńlá ńlá ló wà níbẹ̀, tó ga ju èèyàn lọ, ooru sì ń jáde lórí ọ̀kan. Obìnrin tó bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù dúró lórí àkàbà kékeré, ó ń fi ọmọrogùn gígùn kan ro nǹkan inú ìkòkò náà. Obìnrin tó tóbi díẹ̀ ni, irun rẹ̀ ti funfun, ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ooru. Bàbá mi sì rèé, lórí àga, wọ́n fi táwẹ̀lì gbígbẹ bò wọ́n léjìká, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ń pàṣẹ.

"Má dúró! Má dúró o, yóò dì! Gba ìsàlẹ̀, gba ìsàlẹ̀!"

Yorùbá ni wọ́n ń sọ, obìnrin náà sì ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá wọn lóhùn. "Ó dáa, ọ̀gá mi. Mo ń rò ó." Bí ó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń bá mi sọ? Ó dà bíi pé mi ò mọ iṣẹ́ mi ṣe."

Mo sọ fún un. Ó fa ọmọrogùn náà sókè, ó tì í bọ ìsàlẹ̀. "Òótọ́ ni wọ́n sọ," ó ní. "Ìsàlẹ̀ ló máa ń dì."

Mo kúnlẹ̀ síwájú Bàbá. Wọ́n di nǹkan mọ́ ọwọ́ ọ̀tún. Wọ́n la ọwọ́ náà, mo rí ọkà níbẹ̀, ọkà báálì tí wọ́n ti mú hù tí wọ́n sì ti sá gbẹ. Wọ́n gbé e sábẹ́ imú mi.

"Gbóòórùn rẹ̀," wọ́n ní. "Ìyá mi ń pọntí."

"Ìyá ta ni, Bàbá?"

"Ìyá mi. Ṣé o ò mọ̀ pé ọtí ni ìyá mi ń pọ̀n ni?"

Mi ò mọ̀. Ìyá wọn ti kú kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ nípa ìyá bàbá mi kò ju pé wọ́n jẹ́ ará Òkè Ògùn, pé wọ́n kírun dójú ikú, pé tẹ̀sùbáà wọn wà lọ́wọ́ ìyá mi títí ó fi já. A máa ń bèèrè nígbà tí a wà lọ́mọdé, Bàbá á ní, "Èèyàn dáadáa ni wọ́n." Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn.

Lọ́jọ́ náà, nínú ooru yẹn, bàbá mi tí wọn kò rántí orúkọ mi sọ̀rọ̀ fún mi bí ẹni tó ń ka nǹkan lójú ògiri. Wọ́n ní opó ni ìyá wọn. Wọ́n ní ọtí bàbà ni wọ́n ń pọ̀n, pé òun ni àwọn àgbẹ̀ máa ń mu bí wọ́n bá ṣe àáró lóko ara wọn. Wọ́n á rẹ ọkà bàbà sínú omi, wọ́n á kó o sínú agbọ̀n, wọ́n á fi ewé bò ó títí yóò fi hù. Wọ́n á sá a, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á sè é láti àárọ̀ di ọjọ́rọ̀. Bàbá ló ń rò ó, nítorí àwọn ni àkọ́bí. Owó ọtí yẹn ni ìyá wọn fi rán wọn lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀. Ṣùgbọ́n ní ilé kéú, àwọn ẹgbẹ́ wọn a máa kọrin tẹ̀ lé wọn: ọmọ ọlọ́tí, ọmọ ọlọ́tí. Nígbà tí ìyá wọn gba ẹ̀sìn, wọ́n kó gbogbo ìkòkò fún àbúrò wọn, wọn kò sì pọntí mọ́ láéláé.

"Ṣùgbọ́n bí ọkà bàbà bá ti gbó lóko," Bàbá ní, "wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á gbé e sábẹ́ imú báyìí. Wọ́n á wá dà á nù, wọ́n á lọ ṣe àlùwàlá."

Mo ń túmọ̀ rẹ̀ fún obìnrin náà bí Bàbá ṣe ń sọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ẹ̀kúnwọ́ ọkà yẹn, kò rò ó mọ́, ó fi ọmọrogùn ti ara ìkòkò.

"Àwọn obìnrin ló ń pọntí nílẹ̀ wa níbí náà látijọ́," ó ní. "Nínú ilé ni wọ́n ti ń ṣe é, kó tó di iṣẹ́ àwọn ọkùnrin. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí." Ó wo bàbá mi. "Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo kí ìyá wọn."

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi inú ìkòkò náà sínú kọ́ọ̀bù, ó ń yọ ooru. Ojú mi yí padà, ó sì rí i. "Kò tíì sí ìwúkàrà nínú rẹ̀," ó ní. "Kò tíì sí òdòdó kíkorò tí a ń fi sí i. Omi ọkà lásán ni, kò tíì di ọtí. Àwọn ọmọ mi mu ún dàgbà." Èmi ni mo kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Móòtì ni! Móòtì tí gbogbo wa ń mu níbi ìkómọ, àfi pé ó gbóná, ó sì dùn bí oyin. Mo gbé e fún Bàbá. Wọ́n ṣe bísímílà, wọ́n mu ún, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Wọ́n wá wò mí, ojú wọn mọ́lẹ̀ kedere, wọ́n sì pe oríkì mi. Oríkì tí wọ́n sọ mí fúnra wọn, tí mo ti gbà pé mi ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu wọn mọ́.

"Òjò ti pa ọ́," wọ́n ní. "Jókòó."

Mo jókòó sórí ilẹ̀ pọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìborùn mi tó tutù, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run níbẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n tún máa ń pọntí, láàárọ̀, kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún oníbàárà. Obìnrin náà ní kí n máa mú Bàbá wá bó bá wù wọ́n. Mo fọkàn rò ó títí. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ó fi ìbínú pè mí.

"O fẹ́ máa gbé Alhaji lọ sí ilé ọtí? Ọ̀rọ̀ kí lo fẹ́ káwọn èèyàn sọ?"

"Wọ́n pe oríkì mi níbẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Oríkì ò sọ pé kí o sọ bàbá wa di ẹni ẹ̀sín!" Ó sì pa fóònù.

Mo bá lọ bá Álífà mọ́ṣáláṣí wa. Wọ́n jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán. Wọ́n ní, "Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ kí a máa jókòó níbi tí wọ́n ti ń mutí. Nígbà tí ẹ bá lọ, ṣé wọ́n á máa mu ún?"

"Rárá, Álífà. Wọn kì í tíì ṣílẹ̀kùn."

"Kí ni Bàbá ń rí níbẹ̀?"

"Ìyá wọn," ni mo wí.

Wọ́n ní ẹni tí làákàyè rẹ̀ ti lọ, Ọlọ́run kò ka irú ìyẹn sí i lọ́rùn. "Ẹ máa mú wọn lọ kí ìyá wọn," wọ́n ní. "Ẹ ṣáà rí i pé ẹ ti kúrò níbẹ̀ kí àwọn onímu tó dé."

Bí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ṣe di ọjọ́ wa nìyẹn. Ọ̀gá mi ní kíṣìnnì gbà kí n máa pẹ́ dé lọ́jọ́ náà. Mo máa ń mú Bàbá gba ẹ̀yìn wọlé, àga wọn á ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìgbà mìíràn, wọ́n á kàn jókòó, ọkà á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa fi àtàńpàkò kàn án ní ẹyọ ẹyọ. Ìgbà mìíràn wọ́n á pè mí ní ìyá wọn, wọ́n á ní ṣé kí àwọn wá igi sí i. Èmi á dá wọn lóhùn pé igi ti tó, pé kí wọ́n sinmi. Bàbá ará Jàmáíkà náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kí ilẹ̀kùn tó ṣí, àwọn méjèèjì á jọ jókòó, ẹnì kan ń sọ Yorùbá, ẹnì kejì ń sọ Gẹ̀ẹ́sì Jàmáíkà, ẹ̀rín á sì máa pa wọ́n ní àkókò kan náà.

Lọ́jọ́ kan, Bàbá rí i pé etí épúróònù obìnrin náà ti já. Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kó bọ́ ọ. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó bọ́ ọ. Wọ́n ní, "Abẹ́rẹ́." A wá abẹ́rẹ́ àti òwú káàkiri pọ́ọ̀bù títí a fi rí i nínú dúrọ́ọ̀. Èmi ni mo bá wọn ki òwú bọ ihò rẹ̀. Wọ́n ká etí aṣọ náà, wọ́n rán an, abẹ́rẹ́ ń lọ wẹ́wẹ́, ojú rírán rẹ̀ ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí èèrà. Èèyàn tí kò lè dá bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ dè láàárọ̀ ọjọ́ yẹn! Wọ́n fi eyín já òwú, wọ́n gbọn épúróònù náà, wọ́n dá a padà fún ẹni tó ni ín bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Obìnrin náà wọ̀ ọ́, ó yí po kí wọ́n lè rí i. Wọ́n mi orí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Ẹ̀gbọ́n mi wá nígbẹ̀yìn. Kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀. Mo kàn rí i tó yọ lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó wọ kóòtù iṣẹ́, ó dijú mágbárí. Mo mọ̀ pé ó wá gbé Bàbá lọ ni. Kó tó la ẹnu, Bàbá rí i.

"O ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀?" wọ́n ní. "Àtàárọ̀ ni mo ti ń ro nǹkan yìí. Gbà á lọ́wọ́ wọn."

Ẹ̀gbọ́n mi wò mí. Obìnrin náà ti ń na ọmọrogùn sí i láti orí àkàbà, kò tilẹ̀ mọ ẹni tó jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi wá bọ́ kóòtù, ó fi kọ́ ìṣó, ó gun àkàbà.

"Gba ìsàlẹ̀!" Bàbá ní.

"Mo ti gbọ́ yín, sà," ó ní. Ó ń rò ó, òógùn ń bò ó. Nígbà tó ṣe, ó fi apá aṣọ nu ojú, ó sì pẹ́ kó tó gbé apá náà kúrò níbẹ̀. Lójú ọ̀nà tí à ń lọ sílé ni mo sọ ìtàn opó Òkè Ògùn fún un. A dé ẹnu ọ̀nà ilé mi. Ó wá ní, "Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi imú kan gààrí kí wọ́n tó jẹ ẹ́." Òótọ́ ni. Gbogbo ìgbà èwe wa la fi ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀.

Gbogbo ìgbà òtútù náà àti èyí tó tẹ̀ lé e la fi ń lọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàbá ṣubú ní bálùwẹ̀. Nígbà tí ọsibítù dá wọn padà sílé, ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Inú yàrá iwájú ilé mi ni bẹ́ẹ̀dì wọn wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọ̀rọ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jáde lẹ́nu wọn mọ́. Mo lọ sọ fún wọn ní pọ́ọ̀bù pé a ò ní lè máa wá, mo gbé kúlà ráìsì àti ẹran díndín dání láti fi dúpẹ́. Obìnrin náà gba kúlà lọ́wọ́ mi, ó gbé e sílẹ̀, ó gbá mi mọ́ra, òórùn ọkà ń jáde ní gbogbo ara rẹ̀.

"Bí wọn ò bá lè wá," ó ní, "ṣebí ẹsẹ̀ tèmi ṣì ń rìn."

Ó sì ń wá. Bí ó bá ti rò ó tán lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, á bu omi ọkà gbígbóná sínú fúláàsì, á rìn wá sílé wa, á bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnì kankan sọ fún un. A ó ṣí fúláàsì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí òórùn rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Mo máa ń rí i bí imú Bàbá ṣe ń mì kí ojú wọn tó là. Mo ń fi ṣíbí fún wọn mu, díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́yìn tí wọ́n mu ún, Bàbá na ọwọ́. Mo rò pé èmi ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ọwọ́ obìnrin náà ni wọ́n dì mú. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúà fún un. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ kí wọ́n sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀ léra wọn, ṣùgbọ́n àdúà yẹn ń jáde bí aṣọ tí wọ́n ń tú kúrò ní ìdì. Pé kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ ro. Pé kó má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rin ìrìn ẹkún. Pé bó ṣe ṣílẹ̀kùn fún àlejò, kí ilẹ̀kùn rere má ṣe tì mọ́ ọn.

Obìnrin náà ti kọ́ pé àmín ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n kò mọ ibi tó yẹ kó ti máa sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ ní àárín ọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ nígbà tí Bàbá dákẹ́ láti mí, ó sì ń sọ ọ́ sókè bí ọmọ ilé kéú. "Àmín," ó ní. "Àmín, ọ̀gá mi. Àmín." Mi ò tún un ṣe. Èmi náà ń bá a ṣe àmín níbi tó bá ti ṣe é, ẹ̀rín sì ń pa mí, omi ń bọ́ lójú mi. Bàbá kò bínú sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n kàn ń bá àdúà wọn lọ.